Kọ̀ǹpútà kékeré mi dúró sórí 1024 x 768, kò fẹ́ kọjá ibẹ̀

Atẹ̀wé_Ọ̀yọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó sí ohun tí kò yẹ.

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe. Mò ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà ńlá tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ń jẹ iná jù, kì í lò tó wákàtí méjì kí inverter mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ ra kọ̀ǹpútà kékeré tókùnbọ̀ kan, irú èyí tí èèyàn lè gbé sábẹ́ abíyá. Ó yá, kì í pariwo, inverter sì ń gbé e títí ilẹ̀ á fi ṣú. Inú mi dùn sí i gan-an.

Àmọ́ mọ́nítọ̀ mi àtijọ́ ni mo ṣì ń lò. Ogún íǹṣì ni, ẹnu VGA, ẹnu wáyà àwòrán ti àtijọ́, nìkan ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré yìí kò ní VGA, HDMI kan àti DisplayPort kan ló ní. Ẹni tó tà á fún mi bá mi fi àdápítọ̀ HDMI sí VGA kan sí i, pẹ̀lú wáyà VGA kúkúrú kan. Àtìgbà tí mo ti so wọ́n pọ̀ ni gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ ti wú. Lẹ́tà ńlá-ńlá, mi ò lè rí ìlàjì ojú ewé kan nínú Word láì máa yí i sókè sódò.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwòrán. Lánàá mo gbé fọ́tò ìyàwó kan sórí káàdì, ojú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ya òrùka róbótó, ẹyin ni mo rí. Mi ò wá mọ bóyá bí mo ṣe ń wò ó yìí náà ló ṣe máa jáde lórí ìwé.

Mo wọ Display settings, níbi tí a ti ń yan ìwọ̀n àwòrán, ìyẹn iye píksẹ́lì (àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) níbùú àti lóòró. 800 x 600 àti 1024 x 768 nìkan ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1600 x 900 ni mọ́nítọ̀ yìí kan náà ń gbé nígbà tó wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ọmọkùnrin kan ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ní àfi ká fọ́máàtì rẹ̀, ká gbé Windows tuntun sí i. Ṣé òótọ́ ni?


Aláàtúnṣe_Dùgbẹ̀:

Ẹ má jẹ́ kó fọ́máàtì nǹkan kan o, mà. Ẹ dá a dúró ná. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ti rí àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣòfò torí fọ́máàtì tí kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí káàdì yẹn. Ohun tó máa jáde lórí ìwé kò ní fẹ̀. Ojú mọ́nítọ̀ nìkan ló ń parọ́ fún yín. Mọ́nítọ̀ ogún íǹṣì tó ń gbé 1600 x 900, gbọọrọ ni, 16:9, ìyẹn ìbú 16 sí òró 9. Ìwọ̀n 1024 x 768 ní tirẹ̀, 4:3 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbùú àti lóòró. Mọ́nítọ̀ ń fa àwòrán tó kúrú yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kún ojú rẹ̀, ó sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún fífẹ̀ rẹ̀. Ohun tó sọ òrùka di ẹyin nìyẹn.

Ó wá ku ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń fi 1024 x 768 ránṣẹ́. Mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìdánimọ̀ kékeré kan nínú. EDID ni wọ́n ń pè é, 128 báìtì péré ni lára mọ́nítọ̀ àtijọ́ bíi tiyín. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà, àti àwọn ìwọ̀n tó lè gbé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, á bi mọ́nítọ̀ pé, "Ta ni ọ́, kí lo sì lè gbé?" Mọ́nítọ̀ á fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí i. Bí ìdáhùn kò bá dé, kọ̀ǹpútà kì í dédé gbé ohun ńlá lé ẹni tí kò mọ̀ lórí. Á mú ìwọ̀n kékeré tó dá a lójú pé mọ́nítọ̀ kankan kò ní kọ̀, á sì dúró síbẹ̀.

Lójú tèmi, kọ̀ǹpútà yín àti mọ́nítọ̀ yín kò gbọ́ ohùn ara wọn. Àwọn tó dúró sáàárín wọn ni ká kọ́kọ́ mú: àdápítọ̀ yẹn àti wáyà kúkúrú yẹn.

Ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta. Ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máùsì lórí Start, ẹ wọ Device Manager, ẹ ṣí Display adapters, kí ẹ sọ orúkọ tó wà níbẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohun gbogbo, ẹ yọ wáyà VGA kúkúrú yẹn, ẹ tan iná fóònù sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ ka abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Ìkẹta, wáyà tí mọ́nítọ̀ yìí ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ibo ló wà?


Ará_Kútọnu:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá Dùgbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ti ọ̀rọ̀ Device Manager yẹn lẹ́yìn, torí àmì kan náà ló ní, orísun rẹ̀ ló yàtọ̀.

Kọ̀ǹpútà kékeré tí mo rà ní Kútọnu níbí, èdè Faransé ló wà lórí rẹ̀. Òun náà dúró sórí 1024 x 768. Mo pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Ìgbà tí mo ṣí Gestionnaire de périphériques ni mo rí "Carte graphique de base Microsoft". Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, "Microsoft Basic Display Adapter" ló máa kọ. Bí ẹ bá ti rí orúkọ yẹn, wáyà kọ́ ló ṣẹ̀. Windows kò tíì rí driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kó lè lo ẹ̀rọ kan, tó yẹ fún ẹ̀rọ àwòrán inú kọ̀ǹpútà náà, èyí tó bá gbogbo ẹ̀rọ mu ló kàn fi ń tì í.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi okùn USB so fóònù mi mọ́ ọn, mo fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù, mo sì tẹ Windows Update. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìgbà tó padà dé, ó ti di 1920 x 1080. Bí Update kò bá rí i, ẹ yí ìdí kọ̀ǹpútà náà sókè, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, kí ẹ lọ sí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an. Ẹ má ṣe gba driver lọ́wọ́ àwọn ojúlé tó ń pariwo pé àwọn máa bá yín wá gbogbo driver lọ́fẹ̀ẹ́. Kòkòrò ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé wọlé.


Atẹ̀wé_Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wò ó. "Intel HD Graphics" ló wà lábẹ́ Display adapters, kò sí Basic níbẹ̀.

Ti wáyà: ìlà òkè, abẹ́rẹ́ márùn-ún. Ìlà àárín, mẹ́rin. Ìlà ìsàlẹ̀, méjì péré. Ọ̀kan wà láàárín gan-an, ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó kán ni, àmọ́ kò sí ojú ibi tó ti kán. Ike ibẹ̀ dán bọ̀rọ́, bí ẹni pé wọn kò fi nǹkan kan síbẹ̀ rí. Apá kejì wáyà náà rí bákan náà.

Wáyà àtijọ́ wà lẹ́yìn sẹ́ẹ̀fù mi, mo ká a jọ síbẹ̀ torí ó gùn jù.


Aláàtúnṣe_Dùgbẹ̀:

Ibẹ̀ ló wà, mà. Ojú yín ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ aláàtúnṣe kì í fara balẹ̀ wò.

Àyè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lẹ́nu VGA, márùn-ún-márùn-ún ní ìlà mẹ́ta. Èyí tí kò sí ní ìlà àárín, nọ́ńbà 9 ni, ẹ má dààmú nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ wáyà tó dára ni kò ní in. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Nọ́ńbà 11 dé 15 ló wà níbẹ̀. Méjì tí ẹ rí yẹn, 13 àti 14 ni wọ́n, àwọn ló ń sọ fún mọ́nítọ̀ ìgbà tí ìlà tuntun bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí àwòrán tuntun bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà 12 àti 15 ni ìwé ìdánimọ̀ ń gbà kọjá. Wọn kò sí nínú wáyà yín rárá. Ẹni tó ṣe wáyà yẹn ń sá fún owó bàbà.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé àwòrán ń wọlé. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ búlúù, gbogbo wọn ló ń gba ìlà òkè kọjá láìsí ìdíwọ́, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni á fi búra fún yín pé kò sí ohun tó ṣe wáyà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò ni mọ́nítọ̀ yín ṣe wà báyìí: ó ń gbọ́ ohun gbogbo, kò sì ní bó ṣe máa fèsì.

Ẹ lọ gbé wáyà àtijọ́ yẹn jáde. Ẹ ka ti ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà. Bí 12 àti 15 bá wà níbẹ̀, ẹ so ó mọ́ àdápítọ̀, ẹ lọ́ ìdè méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ kó mú dáadáa, ẹ kọ́kọ́ tan mọ́nítọ̀ kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Bí abẹ́rẹ́ kan bá tẹ̀, ẹ rọra fi ẹnu bírò tó ti gbẹ tọ́ ọ padà. Ẹ má ṣe fi agbára tì í wọlé.


ỌmọLinux:

Ẹ kú ọgbọ́n o, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí a ń lo Linux dípò Windows, torí ọjọ́ míì wà tí wáyà burúkú nìkan ló wà nílé, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ ṣí terminal, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ xrandr níbẹ̀. Á sọ orúkọ ẹnu tí mọ́nítọ̀ wà fún yín, bíi HDMI-1 tàbí DP-1. Lẹ́yìn náà ẹ kọ:

cvt 1600 900 60

Á da ìlà kan tó kún fún nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ kó o báyìí:

xrandr --newmode "1600x900_60.00" 118.25 1600 1696 1856 2112 900 903 908 934 -hsync +vsync
xrandr --addmode HDMI-1 "1600x900_60.00"
xrandr --output HDMI-1 --mode "1600x900_60.00"

Ẹ fi orúkọ ẹnu tiyín rọ́pò HDMI-1. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé orúkọ ìwọ̀n náà, 118.25, ni iye mílíọ̀nù píksẹ́lì tí kọ̀ǹpútà máa rán jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ á pòórá bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, àfi kí ẹ kó ìlà xrandr mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì .xprofile nínú home yín. Orí Xorg nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́; Xorg àti Wayland ni ètò méjì tó ń gbé àwòrán sójú lórí Linux. Bó bá jẹ́ Wayland lẹ wà, ẹ jáde, ẹ yan Xorg, bó bá ṣì wà, níbi tí ẹ ti ń kọ password kí ẹ tó padà wọlé.

Lórí Windows náà, ọ̀nà kan wà: Advanced display, ẹ wọ Display adapter properties, ẹ tẹ List All Modes. Nígbà míì ìwọ̀n tí kò hàn níta máa ń wà níbẹ̀.


Aláàtúnṣe_Dùgbẹ̀:

Òótọ́ ni àbúrò mi sọ, mi ò sì ta kò ó. Àmọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é mọ̀ pé ipá ló fi ń ṣe é, mọ́nítọ̀ kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín tàbí ìwé rẹ̀ kí ẹ tó yan nọ́ńbà. Ìwọ̀n tí a máa ń bá pàdé lórí àwọn tókùnbọ̀ rèé: íǹṣì 17 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbùú àti lóòró, 1280 x 1024. Íǹṣì 19 tó gbọọrọ, 1440 x 900 tàbí 1366 x 768. Íǹṣì 20, 1600 x 900. Íǹṣì 22, 1680 x 1050 tàbí 1920 x 1080. Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ kò ju ìwọ̀n kan ṣoṣo tó bá a lára mu lọ, bí ẹ bá fi òmíràn sí i, lẹ́tà á máa ṣe bàìbàì.

Bó bá jẹ́ lórí Windows, lẹ́yìn tí ẹ bá yan ìwọ̀n, ìbéèrè kan á jáde pé ṣé kí òun di èyí mú. Bí ojú bá ṣókùnkùn, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí máùsì àti kíbọ́ọ̀dù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 ó máa padà sí bó ṣe wà. Ìpayà ló ń mú kí àwọn èèyàn máa tẹ Enter, Enter yẹn sì lè sọ òkùnkùn di ti gidi.


Ayàwòrán_Ìlọrin:

Ọ̀rọ̀ Enter yẹn bá mi gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́. Mọ́nítọ̀ mi kọ "Out of range" sínú àpótí kékeré kan, àpótí náà ń rìn kiri ojú tó dúdú, mo sì ní pósítà tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo jókòó síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi.

Ohun tó yọ mí ni tẹlifíṣọ̀n àwọn òbí mi. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí pálọ̀, mo ki HDMI bọ tẹlifíṣọ̀n, ojú là. Mo dá ìwọ̀n náà padà níbẹ̀ kí n tó gbé e padà sí yàrá. Ẹ jẹ́ ká máa rántí pé sikirínì míì nínú ilé, òun náà jẹ́ irinṣẹ́.

Bí kò bá sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan kọ̀ǹpútà náà, bó bá ti ń bọ̀ nílẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ kó kú. Ẹ tún un ṣe títí ìgbà kẹta. Windows 10 àti 11 á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, á gbé ojú búlúù kan jáde tí mọ́nítọ̀ á lè rí. Ẹ wọ Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ wá tẹ 3. Ìwọ̀n kékeré ló máa fi wọlé, ẹ ó sì lè tún un ṣe. Ẹ ṣe é pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ má sì sọ ọ́ di àṣà torí kọ̀ǹpútà kò fẹ́ kí a máa pa òun lójijì.


Olùkọ́_Kọ̀ǹpútà:

Ẹ kú ìjíròrò. Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré bíńtín kan, ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, tẹlifíṣọ̀n la sì ń lò bíi mọ́nítọ̀. Nǹkan méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí wa.

Àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ àwòrán máa ń gé. Àwọn ọmọ kì í rí bọ́tìnnì tó wà lókè lápá òsì, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà kò ní menu. Tẹlifíṣọ̀n ló ń fẹ àwòrán jù bó ṣe yẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ayé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ẹ mú rìmóòtù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan ìrísí àwòrán. Lórí àwọn kan, "Just Scan" ni wọ́n pè é, lórí àwọn míì "Screen Fit", "Full Pixel" tàbí "1:1". Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ ó yí orúkọ ẹnu HDMI yẹn sí "PC" kó tó gbà. Ẹ ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ìkejì, bí ọmọ kan bá tan Pi kó tó tan tẹlifíṣọ̀n, nígbà míì ìwọ̀n kékeré ló máa gbé wá. Ẹnu HDMI méjì tóóró ló wà lára Pi 4, èyí tó sún mọ́ ẹnu iná ni HDMI0, òun ni kí ẹ lò bó bá jẹ́ sikirínì kan lẹ ní. Nígbà tí mi ò lè máa ṣọ́ ẹni tó kọ́kọ́ tan èwo mọ́, mo ṣí fáìlì cmdline.txt tó wà nínú /boot/firmware, mo fi èyí kún ìparí ìlà rẹ̀:

video=HDMI-A-1:1920x1080M@60D

Ìlà kan ṣoṣo ni fáìlì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ fi àlàfo kan síwájú rẹ̀, ẹ má tẹ Enter. Mo tẹ Enter nígbà kan, Pi kò sì tàn mọ́ títí mo fi yọ káàdì rẹ̀ lọ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà míì.


Ará_London:

Ẹ ǹlẹ́ o láti ìlú ọba. Kékeré ni tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ra mọ́nítọ̀ 4K, 3840 x 2160, tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré tó ti pẹ́ díẹ̀, tí máùsì wá ń wọ́ tẹ̀ lé ọwọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn, kó wọ Advanced display kó wo nọ́ńbà Hz, ìyẹn iye ìgbà tí àwòrán ń tún jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ 30, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu HDMI 1.4, tí kò lè ju 30 lọ lórí 4K. Kó lo DisplayPort bó bá wà, 1.2 rẹ̀ ń gbé 60. Bí lẹ́tà bá sì kéré jù, Scale ni kó gbé sókè sí 150%, kó má ṣe sọ resolution wálẹ̀.


Atẹ̀wé_Ọ̀yọ́:

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo gbé wáyà àtijọ́ jáde, mo nu eruku rẹ̀, mo ka ìlà ìsàlẹ̀: márùn-ún pé. Mo so ó, mo tan mọ́nítọ̀ kí n tó tan kọ̀ǹpútà bí ọ̀gá ṣe wí. Mi ò tíì fọwọ́ kan Settings tí ojú rẹ̀ fi ṣí gbọọrọ. 1600 x 900, ó sì kọ "Recommended" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ yẹ̀ sápá òsì díẹ̀, etí lẹ́tà sì ń gbọ̀n. Mo rántí pé bọ́tìnnì AUTO kan wà lábẹ́ mọ́nítọ̀ náà, mo tẹ̀ ẹ́, ó fà á wá sáàárín, ìgbọ̀n náà dá. Mo ṣí káàdì ìyàwó yẹn. Ojú rẹ̀ ti padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. Mo ya òrùka, mo gbé rúlà lé e lójú mọ́nítọ̀, ìbú àti òró rẹ̀ dọ́gba.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, á tún là. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Mo fọwọ́ kan àdápítọ̀ náà, ó gbóná.


Aláàtúnṣe_Dùgbẹ̀:

Mo bá yín yọ̀, mà. AUTO yẹn, ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá yí ìwọ̀n padà, ẹnu VGA ló ń fẹ́ ẹ, HDMI kì í nílò rẹ̀.

Ti ìṣókùnkùn yìí, àdápítọ̀ ni. Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, ó ń sọ àmì HDMI di irú èyí tí VGA ń gbọ́, iṣẹ́ yẹn sì ń jẹ iná. Láti inú ẹnu HDMI ló ti ń fa iná, fóòtì 5, ẹnu yẹn kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ju mìlíáḿpíà 55 lọ. Àwọn àdápítọ̀ kan nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbóná bá ti dé, ohùn rẹ̀ á gé díẹ̀, á tún padà wá.

Ẹ wá àdápítọ̀ tó ní ẹnu USB kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ti ẹnu USB kọ̀ǹpútà náà fún un níná. Tàbí kí ẹ ra DisplayPort sí VGA, ẹnu yẹn ṣófo lára kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín àti wáyà àtijọ́ dání, kí ó so ó mọ́ mọ́nítọ̀ tirẹ̀ lójú yín, kí ẹ rí ìwọ̀n tó gbé jáde kí ẹ tó sanwó. Àǹfààní kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé sábẹ́ abíyá nìyẹn.


Atẹ̀wé_Ọ̀yọ́:

Mo ti rà á, èyí tó ní ẹnu USB lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí wọ́n dán an wò lójú mi, wọ́n sì gbà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti tan án, aago mẹ́fà ti kọjá báyìí, kò ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ìyàwó wá gba káàdì ní ọ̀sán, mo gbé èyí tí mo tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mọ́nítọ̀, a jọ wò ó, wọn kò yàtọ̀ síra.

Ọmọkùnrin ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi wá wò ó náà. Mo fi ìlà ìsàlẹ̀ hàn án lẹ́nu wáyà kúkúrú yẹn, ó ní òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì lọ ka ti gbogbo wáyà tó wà nínú àpótí rẹ̀. Méjì rí bí tèmi. A gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí méjì-méjì kí ẹnikẹ́ni má bàa tún mú wọn lò.